Bàtà Tí Mo Ní Kó Bọ́

Ẹ bọ́ bàtà yín níbẹ̀ yẹn! Ìwọ Tèmi, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ? Bàtà kì í kọjá ẹnu ilẹ̀kùn yìí. Ìwọ náà, Fúnmi, mo mọ̀ pé ìtọ́jú ẹsẹ̀ mi lo wá ṣe, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá rẹ ní o ò gbọdọ̀ bọ́ bàtà níbi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ ò sí níbí. Fi ọ̀rá bò ó bó o ṣe máa ń ṣe, kó o wá tú báńdéèjì yìí. Ẹ jókòó. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi o, mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré lónìí.

Mo mọ ohun tó mú kẹ́ ẹ máa wojú ara yín. Tèmi, ọmọ ọmọ mi ni ọ́, inú ilé mi lo dàgbà sí, kí lo fẹ́ fi pamọ́ fún mi? Bísọ́lá ló rán ọ. Ó ní kó o bá òun tu ìyá àgbà lójú kí aago mẹ́rin tó lù, kí n má baà lé òun síta bí òun bá dé. Àbí mo purọ́? Ẹ wò ó, ó ti tẹ orí ba.

Fúnmi, ìwọ ò mọ ìdí ọ̀rọ̀, ọdún méjì péré lo ti Ìbàdàn dé. Bísọ́lá tí à ń wí yìí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ mi náà, Ìyá Bísọ́lá, ti kú láti ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọmọ rẹ̀ wá di òǹkọ̀wé. Ó kọ eré orí ìtàgé kan nípa ìjọ aláṣọ funfun wa ní Gascoigne, àdúgbò ilé gogoro tí a ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe é ní tíátà, àwọn èèyàn rín ẹ̀rín, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n relé. Mo rò pé ó parí síbẹ̀ ni. Wọ́n tún wá sọ ọ́ di fíìmù! Lóṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn ní Barking níbí, wọ́n sì ní iwájú pátápátá ni kí n jókòó sí, bí ọba.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí Ìyá Bísọ́lá ti ṣubú lulẹ̀, tí ọkùnrin òyìnbó kan wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń tú okùn bàtà. Ní tíátà, ibẹ̀ ni ẹ̀rín pọ̀ sí jù. Bísọ́lá fẹ́ kí n sọ fún òun bóyá ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó ní bí mo bá sọ pé kò ṣẹlẹ̀, òun á gé ibẹ̀ kúrò, ààyè ṣì wà. Bí mo bá sọ pé ó ṣẹlẹ̀, òun á fi sílẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi.

Mo ti mọ èyí tí màá sọ. Kò ṣẹlẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rárá, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Tèmi ló mú mi lọ wo eré yẹn ní tíátà lọ́dún tó kọjá. Ó ní, “Grandma, ẹ máa gbádùn ẹ̀.” Gbádùn kẹ̀? Ẹni tí wọ́n fi ṣe Ìyá Bísọ́lá wọ sùtánà, ó wá wọ sálúbàtà sí i! Sùtánà àti sálúbàtà! Ta ló kọ́ wọn? Àbẹ́là tí wọ́n tàn, pupa fòò, bíi ti kéèkì ọjọ́ ìbí. Wọ́n ń pe agogo mi ní ohun èlò orin. Ẹni tí wọ́n sì fi ṣe èmi gan-an, obìnrin gìdìgbà kan báyìí, igbe ló ń ké ṣáá látìbẹ̀rẹ̀. Èmi! Tèmi, ṣé mo máa ń pariwo ni? Má dáhùn.

Nígbà tí wọ́n dé ibi bàtà yẹn, tí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mo dìde. Mo tẹ èèyàn bíi mẹ́fà lẹ́sẹ̀ kí n tó jáde. Òde ni mo dúró sí nínú òtútù títí Tèmi fi wá bá mi. Ó ní kí ló bí mi nínú, kì í ṣe nǹkan bàbàrà kẹ̀. Mo ní sálúbàtà àti àbẹ́là pupa ni. Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin ò mọ Gascoigne. Èyí tí ẹ mọ̀ ni ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, oníbíríkì pọ́nńbélé, tí wọ́n gbin koríko síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ lẹ fi ń mọ ẹni tó kanlẹ̀kùn. Èèyàn lè kú síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àfi bí ìwé bá dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láyé tiwa, bí ẹ bá wúkọ́ nínú ilé yín, aládùúgbò á bi yín lọ́la pé ṣé ara ti le.

Àjà kẹjọ ni mo wà, Ìyá Bísọ́lá wà ní àjà kẹfà, lọ́gangan ìsàlẹ̀ mi. Páìpù omi gbígbóná kan ló la gbogbo ilé náà já látòkè délẹ̀. Bí mo bá jí, màá mú ṣíbí, màá kan páìpù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta: kó, kó, kó. Ìyẹn ni “Ṣé o ti jí?” Òun náà á kàn án lẹ́ẹ̀mẹta padà. Ìyẹn ni “Mo ti jí, ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí.” Ará àjà keje tó wà láàárín wa, obìnrin ará Ireland kan, kọ́kọ́ fẹjọ́ wa sùn ní Kánsù tó ni ilé náà. Nígbà tó yá, bí a ò bá kàn án, á gòkè wá bèèrè bóyá ara mi ò yá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rẹ́ nínú fóònù, ta ló ń kan páìpù yín?

Lífìtì ilé yẹn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ lónìí, á sinmi lọ́la. Ìtọ̀ àti sìgá ló ń rùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ru odidi àpò iṣu kan gòkè dé àjà kẹjọ, ẹsẹ̀ tí Fúnmi ń dì yìí kò sì ju ti aláǹgbá lọ nígbà náà. Ẹ ń ya fọ́tò ilé náà báyìí, ẹ ń pè é ní ìtàn wa. Ìyà wa ni. Ẹni tó jẹ ẹ́ ló mọ bó ṣe korò tó, òun náà nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣàárò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń wó o, mo lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ya ògiri sílẹ̀, láti ìta ni mo ti rí bébà olódòódó tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá mi, gbogbo ayé ń wò ó. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n tú mi sí ìhòòhò. Wọ́n wá kó mi wá sí Eastbrook níbí, wọ́n ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára, igbó wà nítòsí. Kí ni mo fẹ́ fi igbó ṣe? Ṣebí igbó ni mo sá fún n'Íjẹ̀bú.

Ilé ìfọṣọ kan lèmi àti Ìyá Bísọ́lá ti jọ ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì là ń lọ̀ látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ooru á mú wa débi pé omi tí à ń mu ló ń gba ara jáde. Obìnrin yẹn lè sín èèyàn jẹ! Ó lè sín ọ̀gá wa jẹ títí tí àwọn òyìnbó á fi di ikùn mú. Kò dàgbà tó mi, ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú, kò sì fi ọjọ́ kan pè mí lórúkọ. Àǹtí ló ń pè mí títí ó fi kú. Àǹtí ni ọ̀rọ̀ tó fi pè mí kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Fúnmi, má fà á le jù.

Gbọ̀ngàn kan wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ibẹ̀ ni ìjọ wa ti ń jọ́sìn. Àwa nìkan kọ́ la ni ín o. Ní Jímọ̀, tẹ́tẹ́ bíńgò ni wọ́n ń ta níbẹ̀, ọtí á dà sílẹ̀, eérú sìgá á bo ilẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, àwa obìnrin á kúnlẹ̀, a ó fọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná títí orúnkún wa á fi bó. Wòlíì á wá wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tùràrí á rú. Bí ìyẹn bá ti ṣe tán, ilẹ̀ náà ti di mímọ́. Bàtà ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ì báà ṣe bàtà òyìnbó, ì báà ṣe bàtà èèyàn dúdú, ì báà ṣe bàtà ọmọ ọwọ́. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Mo ṣọ́ ọ! Mi ò tijú láti sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ kan wá ka mítà iná lọ́jọ́ kan, mo ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta bí orí ìjàpá. Ìyá Bísọ́lá ń kọrin lọ́wọ́, ó rí àtàǹpàkò yẹn, orin há a lọ́fun. Gbogbo akọrin gbọ̀n jìgìjìgì. Wòlíì rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn, ó ní kí n lu agogo. Mo lù ú.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, Mísítà Frank là ń pè é. Àgbàlagbà òyìnbó, kò ní ìyàwó mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára irinṣẹ́. Búútù dúdú ló ń wọ̀, èyí tó ga dé agbedeméjì ojúgun, tí okùn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ látìsàlẹ̀ dókè. Kì í wọlé nígbà tí a bá ń sìn. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ń dúró sí, á na ọwọ́, a ó gbé mọ́ínmọ́ín lé e. Ó mọ òfin wa, ó sì bọ̀wọ̀ fún un ju àwọn kan nínú ìjọ lọ. Òun ni wọ́n fi ń dẹ́rìn-ín pa àwọn èèyàn nínú fíìmù báyìí. Ṣíọ̀!

Ọjọ́ Ìkórè ni ọjọ́ wa. Ẹ̀yin ẹ fi fóònù ṣe ìsìn, ẹ ń jẹun, ẹ ń ṣe àmín. Láyé tiwa, iṣu ni a tò sórí ìtàgé, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, mílíìkì alágolo, gbogbo rẹ̀ á ga dé òkè bíi pẹpẹ. Lọ́dún kan, ẹnì kan gbé páálí ẹja dídì sí ṣónṣó orí rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè rí ọrẹ rẹ̀. Iná ìtàgé mú un, ẹja yọ́, omi ẹja ń kán tó, tó, tó sórí Bíbélì Wòlíì. Ìyá Bísọ́lá ní, “Ẹ ò rí i, Àǹtí, Bíbélì náà ti di ti àwọn apẹja.” Wòlíì gbọ́, ó bínú títí di ìgbà ìbùkún.

Lọ́jọ́ Ìkórè náà ni a máa ń ṣe eré. Ìyá Bísọ́lá ló dá a sílẹ̀, kò kọ ọ́ sínú ìwé, inú orí rẹ̀ ló wà. Ó ṣe bí aríran kan tó jẹ́ alájẹkì. Ìran tó bá rí, ọbẹ̀ ni. “Mo rí ìkòkò kan ní àjà kẹrin, ègé ẹran ńláńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, Olúwa ní kí wọ́n gbé ọ̀kan wá.” Àwọn èèyàn á rọ́ lulẹ̀. Ní ìparí, á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, á ṣubú gbì. Èmi tí mo dúró tì í, màá lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ti gbọ́ ìkẹta, á gbé orí sókè, á ní, “Níbo ni mo wà? Ṣé oúnjẹ ti jinná?” Ọdún mẹ́ta la fi ṣe é, kò sí ìgbà tí ẹ̀rín kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ilé. Àwọn ọmọdé ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí, àwọn náà á bá a sọ ọ́ pa pọ̀.

Ní ọdún kẹrin, ó ṣubú, ó wà nínú ẹ̀mí, Ọlọ́run sì mú un lọ sínú ayọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí a ṣe sọ ọ́ níbi ìsìnkú nìyẹn, bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Bísọ́lá láago mẹ́rin nìyẹn.

Kí lo bi mí, Fúnmi?

Mo ní kí lo bi mí? Ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ta ló bi ọ́ léèrè? Báńdéèjì ni wọ́n ní kó o wá dì, àbí ìwádìí òkú? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí o! Ọdún méjì tí ẹ fi gba ìwé kékeré kan lórí ìtọ́jú arúgbó, ẹ ti gbọ́n ju gbogbo wa lọ! Àwa ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Jókòó! Ta ló ní kó o dìde? Ṣé mo ní kó o máa lọ ni?

Jókòó, ọmọ mi. Má sunkún. Ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí. Ara mi ni mò ń bínú sí, mi ò sì mọ̀ pé ó ń hàn tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ wọ́. Apá ọ̀tún.

Ọ̀sán gangan ni. Kí a tó gun orí ìtàgé, ó ní, “Àǹtí, orí ń fọ́ mi.” Mo ní kó fara dà á, pé ká ṣe eré tán ná. Ọ̀rọ̀ tó fi pè mí kẹ́yìn nìyẹn, èsì tí mo fún un sì nìyẹn. Ó jáde, ó rí ìran ọbẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ìkejì, ó ń sọ ohun tí kò sí nínú eré. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ ń ya lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ké haleluyah. Akọ̀wé ìran wa fa ìwé yọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, pé èdè ẹ̀mí ni! Ọwọ́ rẹ̀ kan rọ̀ jọwọrọ. Ó ṣubú.

Mo lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dìde.

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mo wá sọ lọ́kàn mi pé, háà, Ẹ̀mí ti gùn ún lóòótọ́. Nínú ìjọ wa, bí Ẹ̀mí bá gun èèyàn, a kì í fọwọ́ kàn án. Orin là ń kọ, agogo là ń lù. Mo lù ú lẹ́ẹ̀meje. Àwọn ìyá gbé orin. Bí orin ṣe ń ròkè, bẹ́ẹ̀ ni mò ń lu agogo, tí òógùn ń bọ́ lójú mi, tí inú mi ń dùn. Inú mi ń dùn, ẹ gbọ́ mi? Bísọ́lá wà níwájú pẹ̀lú àwọn ọmọdé, ọmọ ọdún méje, ó na ọrùn, ó ń dúró de “Ṣé oúnjẹ ti jinná?”

Mísítà Frank ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ń wò láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ké pé ara obìnrin yìí ò yá, ó sáré bọ̀. Èmi lẹ̀ṣọ́. Mo na apá méjèèjì, agogo lọ́wọ́ mi, mo dí i lọ́nà. Mo ní, “Bàtà! Bọ́ bàtà rẹ!”

Ó ní, “Obìnrin yìí ń kú lọ!”

Mo ní, “Ilẹ̀ mímọ́ nìyí! Bàtà rẹ!”

Ó wo ojú mi. Ó rí i pé mi ò ní yà. Ó lè tì mí ṣubú o, ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó la ti fi kọ́ ọ pé òfin wa ò ṣeé rú? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà yẹn, ó ń kánjú fà á, kókó okùn wá fún pọ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé a ti fi òyìnbó sínú eré lọ́dún yìí. Mo dúró tì í. Mo dúró tì í títí ó fi bọ́ ẹsẹ̀ kan. Mo tún dúró tì í títí ó fi bọ́ ẹsẹ̀ kejì. Ìgbà náà ni mo tó yà fún un.

Ìbọ̀sẹ̀ ló fi bá a lọ sílé ìwòsàn nínú áńbúláǹsì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan inú ọpọlọ rẹ̀, ó bèèrè ìgbà tó ṣubú. Wòlíì wò mí. Mo ní kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo gbàgbé, mo mú ṣíbí, mo kan páìpù.

Bísọ́lá wá bá mi lọ́sẹ̀ náà. Mọ́mì lòun ń pè mí. Ó ní, “Mọ́mì, kí ló dé tí Mísítà Frank ń bọ́ bàtà?” Mo ní àlá ló lá. Mo fún un ní bísíkíìtì. Ó tún bi mí nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àlá yẹn náà ni?” Ó bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bí mo ṣe ń bá a wé gèlè. Mo fa gèlè náà le, mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ òkú ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Gbogbo ìjọ ló fẹnu kò sí i pé Ẹ̀mí ló mú ìyá rẹ̀ lọ. Wòlíì ti kú, akọ̀wé ìran ti kú, Mísítà Frank náà ti kú. Nínú àwa tí a wà nítòsí, èmi nìkan ló kù tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ọmọ náà wá fi í ṣe eré, ó ní ohun tó ń pa òun lẹ́rìn-ín lójú orun tó sì ń jí òun pẹ̀lú ẹkún nìyẹn. Tèmi, o bi mí lóde tíátà yẹn pé kí ló bí mi nínú. Mo kó sálúbàtà àti àbẹ́là pupa sílẹ̀ fún ọ. Ohun gbogbo ni wọ́n ṣe àṣìṣe rẹ̀ nínú eré yẹn, àfi ibì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n ti ṣàṣìṣe. Obìnrin gìdìgbà tó ń ké igbe yẹn, èmi ni. Bí mo ṣe na apá nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ ti èmi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo sì ti rò pé n ó fi ṣe aṣọ òkú. Ó rọrùn fún mi. “Kò ṣẹlẹ̀,” wọ́n á gé e, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yẹn kò purọ́ fún un rí. Èmi ni mo sọ ojú rẹ̀ di òpùrọ́ láti ọmọ ọdún méje.

Ẹ dákẹ́. Aago ẹnu ọ̀nà ló dún yẹn.

Aago mẹ́rin ò tíì lù, ọmọ yìí ò mọ sùúrù, bí ìyá rẹ̀ ló rí. Tèmi, jókòó. Mo ní kó o jókòó, èmi ni màá ṣí i. Fúnmi, fi ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa wọ́ báńdéèjì nílẹ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀pá mi. Ẹ má tẹ̀ lé mi o.

Bísọ́lá. Ẹ wá wo ojú tó ń wò mí, ojú ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Dìde, ìkúnlẹ̀ rẹ ti tó, mo ti gbọ́. Mo ní dìde. Kí lo tún bẹ̀rẹ̀ ṣe? Yọ ọwọ́ rẹ kúrò lára okùn bàtà yẹn. Má tú u, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má tú u. Wọ bàtà rẹ wọlé.